Àmín Mẹ́ta ní Bẹyẹrunka

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ọmọ yunifásítì yan ẹ̀kọ́ tí wọn yóò kọ́. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìgbádùn o, ẹ kàn ń jókòó, ẹ ń sọ̀rọ̀." Mo máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọn ò rí oògùn ọgbẹ́ inú tó wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, lábẹ́ àwọn fáìlì. Bí ènìyàn bá ra aṣọ tí kò bá a mu, ó lè dá a padà lọ́jọ́ kejì. Bí mo bá ní kí ọmọ ọlọ́mọ gba ọ̀nà kan, tí ọ̀nà náà sì já sínú igbó, ta ni yóò dá ọdún mẹ́rin padà fún un?

Ká sòótọ́, àyà mi ti máa ń tètè já láti kékeré. Ìyá mi, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe tíṣà ilé ìwé ìjọ ní Kúdẹtì, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá ní òjò máa rọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi á ti máa ká aṣọ kúrò lórí okùn lónìí. Títí di òní, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń padà wo iná gáàsì kí n tó jáde nílé wa ní Òkè Bọ́lá. Ó ti sú ọkọ mi, kì í tilẹ̀ bi mí mọ́. Ìwà yìí náà ló jẹ́ kí n wúlò lẹ́nu iṣẹ́, torí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ kì í gbàgbé ọjọ́ tí nǹkan máa parí. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe àìbìkítà. Ì bá tilẹ̀ sàn díẹ̀ bó bá jẹ́ àìbìkítà ni.

Ní ẹ̀ka tí mo wà, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń wọlé pẹ̀lú èrò pé àwọn máa di dókítà. Ọdún kìíní ni wọ́n fi ń ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá dé ibi tí wọ́n fi àmì sí, ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti parí fún un nìyẹn. Wọn ò ní lé e lọ. Wọ́n á ní kó yan ẹ̀kọ́ mìíràn láàárín ọjọ́ márùn-ún, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní ibi tí gbogbo wa ń pè ní pọ́tàlì. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún bá kọjá tí àyè tó wà níwájú orúkọ rẹ̀ ṣì ṣófo, orúkọ náà á jábọ́ kúrò nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ pátápátá, á sì lọ tún ìdánwò àṣewọlé ṣe bí ẹni tí kò wọ ọgbà wa rí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo máa ń bẹ̀rù jù lọ láàárín ọdún. Oríṣiríṣi ni ojú mi ń rí. Ọmọkùnrin kan wọlé, ó ní kí n wá ẹ̀kọ́ tí kò ní kíláàsì àárọ̀ fún òun. Òmíràn ní pásítọ̀ àwọn ti ríran pé kóun má sún mọ́ ohunkóhun tó bá ní ìṣirò nínú. Mo ní kó lọ bi pásítọ̀ bóyá ó rí ibi tí ìṣirò ò sí láyé yìí. Mo máa ń kanra mọ́ wọn, wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde láìyan nǹkan.

Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irú wọn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, hìjáàbù rẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò sì pọ̀. Máàkì mẹ́ta péré ló jẹ́ kó pàdánù ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ọjọ́ Ajé ni èsì jáde, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wá sí ọ́fíìsì mi. Mo ti tẹ́ ìwé rẹ̀ sílẹ̀ dè é, mo sì ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ Kẹ́mísírì, torí pé máàkì rẹ̀ níbẹ̀ dára ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tó yege lọ.

"Wo èyí," mo ní. "Ohun tó yẹ kó o ṣe nìyí. Ọdún mẹ́rin, o ti parí. O lè ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe oògùn, o lè di olùkọ́, o lè tẹ̀ síwájú."

Kò wo ìwé náà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kò sí bí wọ́n ṣe lè tún un wò?"

"Wọ́n ti tún un wò. Mo ti lọ bá wọn lánàá fún ẹ̀yin mẹ́rin tí máàkì yín sún mọ́ ọn. Wọn ò gbà."

"Bí mo bá wá yan òmíràn, mà, ṣé ìwé á lọ sílé?"

"Ìwé kankan ò ní lọ sílé. Ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ fún wọn."

Ó ń fi ọwọ́ ká etí hìjáàbù rẹ̀. "Wọn ò mọ̀ pé mi ò yege, mà. Dókítà ni wọ́n ń pè mí nílé, láti ọjọ́ tí orúkọ mi ti jáde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ dáadáa, òun náà ń pè mí ní Dókítà. Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi. Nínú àwọn agbo ilé wa àtijọ́ n'Íbàdàn, ọjọ́ tí ọmọ bá rí ilé ìwé gíga wọ̀ ni wọ́n ti ń gbé orúkọ iṣẹ́ náà lé e lórí, kó tó mọ ibi tí kíláàsì wà. Mo mọ Lọ́yà kan ní Oníyanrìn tó jẹ́ pé àwo ló ń tà, ó sì ń jẹ́ Lọ́yà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń pe ọmọ bẹ́ẹ̀, wọn ò fi ṣe ibi. Ṣùgbọ́n orúkọ tí gbogbo agbo ilé bá jọ fúnni, ó ṣòro kí ẹnì kan ṣoṣo tó dá a padà.

"Ẹ má sọ fún wọn, mà," ó ní.

Mo ṣèlérí. Kò tilẹ̀ yẹ kí n ṣèlérí, torí òfin iṣẹ́ wa ni: ẹni tó bá ti dàgbà tó láti dìbò, èsì ìdánwò rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń sọ fún òbí. "Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ yàn án kó tó di aago mẹ́rin ọjọ́ Jímọ̀," mo ní. "Ṣé o gbọ́?"

"Màá ronú, mà."

Mo kórìíra "Màá ronú, mà." Àwọn tó bá sọ ọ́ kì í ronú, ẹkún ni wọ́n ń lọ sun. Ní ọjọ́rú mo wo pọ́tàlì láàárọ̀, mo wò ó lọ́sàn-án, mo wò ó kí n tó lọ sílé. Àyè rẹ̀ ṣófo. Mo pe fóònù rẹ̀, fóònù náà ti kú. Ní ọjọ́bọ̀, ṣófo. Fóònù ṣì kú. Ìgbà tó fi máa di aago mẹ́ta, mi ò lè jẹ oúnjẹ tí mo gbé wá mọ́. Mo ń rí oríṣiríṣi nǹkan lójú ọkàn mi, tí mi ò fẹ́ kọ síhìn-ín. Mo wá adírẹ́sì rẹ̀ nínú fáìlì: Bẹyẹrunka; iṣẹ́ bàbá rẹ̀, fìlà rírán. Mo sọ fún ara mi pé mi ò lọ tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ fojú rí i pé ó wà láàyè, kí n sì fi ojú rán an létí.

Mo wọ ọkọ̀ dé Bẹẹrẹ, mo sì fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ẹni tó bá mọ àdúgbò yẹn mọ̀ pé kò sí bí èèyàn ṣe lè yọ́ kẹ́lẹ́ wọ inú rẹ̀. Ojúlé ẹlòmíràn lo máa gbà dé ojúlé tí ò ń lọ, o sì gbọ́dọ̀ kí gbogbo wọn. "Ẹ kúulé o." "Ẹ káàbọ̀, mà. Ta lẹ̀ ń wá?" Mo ní mò ń wá ilé àwọn tó ń rán fìlà. "Háà, ilé Dókítà!" ni obìnrin kan tó ń ṣa ẹ̀wà wí. Ó pe ẹlòmíràn sí i. Ẹni yẹn náà ní, "Ilé Dókítà ni wọ́n ń wá." Kí n tó rin ilé mẹ́rin kọjá, orúkọ náà ti ṣáájú mi délẹ̀. Ọkàn mi ń sọ pé kí n yí padà.

Bàbá ọmọ náà wà ní pálọ̀ iwájú, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń fi òwú ṣiṣẹ́ ọnà sára fìlà kan. Mo lè fi ọdún díẹ̀ ju ú lọ. Àwọn fìlà tó ti parí wà lórí igi nítòsí ògiri, ojú wọn mọ́lẹ̀ rekete. Ọmọ náà yọ láti ẹ̀yìn pẹ̀lú báàkẹ́tì omi lọ́wọ́. Bó ṣe rí mi, ó gbé báàkẹ́tì náà sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Mo tètè sọ̀rọ̀ kí ẹ̀rù tó pa á.

"Olùkọ́ rẹ̀ ni mí ní yunifásítì," mo sọ fún bàbá rẹ̀. "Mò ń kọjá lọ ni, mo ní kí n yà kí yín."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ta ló ń kọjá lọ ní Bẹyẹrunka láti yunifásítì lọ sí Òkè Bọ́lá?

Bàbá dìde tìdùnnú-tìdùnnú. "Ẹ káàbọ̀, mà! Tíṣà Dókítà wa! Ẹ jókòó, ẹ jókòó." Ó ránṣẹ́ lọ ra nǹkan mímu tútù. Ó tún ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà, tó jẹ́ olórí agbo ilé náà. Mo ní kí wọ́n má yọ àgbà lẹ́nu. Ta ló gbọ́? Láìpẹ́, Bàbá àgbà wọlé, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ kan àti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ kejì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Àwọn obìnrin ilé dúró sẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ ń yọjú láti abẹ́ apá wọn. Èmi tí mo ní mo fẹ́ yọ́ kẹ́lẹ́ ti di àlejò gbogbo ilé.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín," ni Bàbá àgbà wí. "A gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń tọ́ ọmọ wa sọ́nà níbẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ wá a tì."

Mo ní, "Àmín, bàbá." Ìyẹn ò sí nínú àwọn tí mò ń kà. Àdúrà lásán nìyẹn.

Wọ́n wá ní kí gbogbo wa tẹ́ ọwọ́. Gbogbo ilé tẹ́ ọwọ́ sókè, èmi náà tẹ́ tèmi. Bàbá àgbà ka díẹ̀ lédè Lárúbáwá, wọ́n sì yí i sí Yorùbá.

"Ọlọ́run Ọba, ọmọ tó o fún wa yìí, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílé yìí, jẹ́ kó parí ẹ̀kọ́ dókítà rẹ̀ láyọ̀ àti àlàáfíà."

Gbogbo ilé gbè é, "Àmín!" Ẹnu tèmi náà sọ ọ́ kí n tó mọ ohun tó ń jáde níbẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé, bí kò tilẹ̀ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀bi. Ìjọ ni wọ́n ti tọ́ mi, ìmàle ni wọ́n, ṣùgbọ́n lórí èyí ẹ̀kọ́ ilé kan náà ni gbogbo wa kọ́. Bí àgbàlagbà bá ń ṣàdúrà fún ọmọ rẹ̀ níwájú rẹ, tí o pa ẹnu dé, ọ̀tá ni ọ́. Wọn ò ní bi ọ́ léèrè, wọ́n kàn máa mọ̀. Ìyá mi máa ń fún mi ní ìfọ́tí bí àmín mi bá pẹ́ jáde. Mo dàgbà tó láti fẹ̀yìn tì lọ́dún díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n nínú pálọ̀ yẹn, mo tún di ọmọ tí wọ́n máa fọ́ létí.

"Ọlọ́run, jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ọwọ́ ìwòsàn. Aláìsàn tó bá fọwọ́ kàn, kó dìde."

Èyí ni mo mọ̀. Mo gbọ́ ọ dáadáa, mo sì mọ̀ pé ọ̀nà yẹn ti dí. Mo wo ẹnu ọ̀nà tí ọmọ náà dúró sí. Ó sorí kọ́. Mo ní, "Àmín."

"Olùkọ́ rẹ̀ tó jókòó síhìn-ín, Ọlọ́run, jẹ́ kó ṣojú rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n máa fi ìwé ẹ̀rí dókítà lé ọmọ wa lọ́wọ́." Bàbá àgbà la ojú, wọ́n sì wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí tiyín rinlẹ̀ o."

Gbogbo ilé ń wò mí. Mo lè ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí: kí Ọlọ́run fọ̀nà rere hàn án." Ẹni tó bá gbọ́n á sọ bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, mo lè to ogún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, àmín tó dún ju ti ẹnikẹ́ni lọ ni mo ṣe. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Nígbà náà ni ọmọ náà gbé orí sókè. Ó wò mí tààrà, ojú rẹ̀ sì yá gágá bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Mo rò pé ó ń dúpẹ́ pé mi ò tú òun fó ni.

Òun àti bàbá rẹ̀ ló sìn mí dé títì. Bàbá ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fún ìṣẹ́jú kan, ó ń sọ bí òun ṣe máa rán fìlà kan fún ọkọ mi. Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ ní gbangba. Mo kàn ní, "Nǹkan tí a jọ sọ lọ́jọ́ sí, má jẹ́ kó kọjá ọ̀la o."

"Ẹ má ṣèyọnu, mà," ó dá mi lóhùn. "Ọkàn mi ti balẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn ọmọ kún ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì mi látàárọ̀. Ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀ mo wo àyè rẹ̀, ó ṣófo. Mo pè é. Fóònù ti jí, ó dún títí, kò gbé e. Mo ní wọ́n ti wà ní mọ́ṣáláṣí. Lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Ẹ ṣeun mà. Ọkàn mi balẹ̀ pátápátá. Ọlọ́run á san án fún yín." Mo ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní aago mẹ́ta ààbọ̀ àyè rẹ̀ ṣì ṣófo, ṣùgbọ́n pọ́tàlì wa máa ń pẹ́ kó tó gbé nǹkan jáde, pàápàá lọ́jọ́ tó bá máa tì. Mo tún gbé fóònù. Mo gbé e sílẹ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ń tì mí. Mo ń bẹ̀rù pé bí mo bá pè é, ó máa bi mí ìdí tí mo fi ṣe àmín sí àdúrà tí mo mọ̀ pé kò lè gbà, mi ò sì ní ìdáhùn. Èmi tí mò ń wo iná gáàsì lẹ́ẹ̀mẹta, mo pa kọ̀ǹpútà, mo lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ajé, kí n tó jókòó, ó ti dé. Ó mú ọ̀rá kan lọ́wọ́, fìlà tuntun wà nínú rẹ̀.

"Bàbá mi ní kí n fún ọkọ yín, mà. Gbogbo wọn ní kí n kí yín." Ó jókòó láìjẹ́ pé mo sọ fún un. "Mà, nígbà wo ni kí n padà lọ bá àwọn tó ń kọ́ ìṣègùn?"

Mo ti ọ̀rá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kí lo yàn lọ́jọ́ Jímọ̀?"

"Mi ò yan nǹkan kan, mà. Ṣebí ẹ ti bá wọn sọ̀rọ̀."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀?"

Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà ò yé. "Ẹ ṣe àmín, mà."

Ó ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Àwọn ará ilé ò mọ̀. Èmi àti ẹ̀yin nìkan la mọ̀. Nígbà tí ẹ ṣe ti àkọ́kọ́, mo ní ẹ̀rù ló bà yín. Ṣùgbọ́n ẹ tún ṣe é. Nígbà tí ẹ ṣe ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tó dún tó bẹ́ẹ̀, mo ní ẹ ti rí wọn bá sọ̀rọ̀ ni, ẹ ò kàn lè sọ ọ́ lójú wọn. Ìdí tí ẹ fi wá sílé gan-an nìyẹn, ni mo rò. Mi ò rò pé èèyàn lè ṣe àmín sí ohun tó mọ̀ pé ó ti tán."

Mo bínú. Mo fẹ́ sọ òtítọ́ yìí náà: mo lọgun mọ́ ọn. Mo ní ọmọ yunifásítì ni ọ́, o kì í ṣe ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ṣé àmín ni wọ́n fi ń kún fọ́ọ̀mù? Ó ń sunkún, mo ṣì ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ ohun tí mò ń sọ, mo sì dákẹ́. Kò sí ẹni tí mo lè bínú sí nínú yàrá yẹn ju ara mi lọ, òun ló kàn wà níwájú mi.

Mo di àwọn ìwé rẹ̀ mọ́ àyà, mo gba ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Mo kọ lẹ́tà. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì ní ẹnu ọ̀nà àwọn tí mo jù lọ lọ́jọ́ orí. Ẹni tó ń tọ́jú ìwé orúkọ gbọ́ mi títí dé òpin, ó sì ní, "Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ fún wọn pé aago mẹ́rin ni aago mẹ́rin, mà." Òótọ́ ni, èmi ni mo máa ń sọ ọ́. Nígbà tó fi di ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, gbogbo ilẹ̀kùn ti tì. Àyàfi kó lọ tún ìdánwò àṣewọlé ṣe.

Mo ní èmi ni màá sọ ọ́ nílé wọn. Kò bẹ̀ mí kí n má sọ ọ́ mọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo tún gba àárín àwọn ilé wọ̀nyẹn kọjá, mo ń kí wọn, wọ́n ń kí mi, mi ò sì gbọ́ ohùn ara mi. Mo ní kí wọ́n má gbé nǹkan mímu wá. Mo kúnlẹ̀, Bàbá àgbà ní kí n dìde, mi ò dìde. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀, láti orí máàkì mẹ́ta dé orí aago mẹ́rin. Ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́. Mo gbé fìlà náà jáde nínú báàgì, mo gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù.

Bàbá ọmọ náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Lọ́jọ́ tí à ń ṣàdúrà, ṣé ẹ ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

Ó mi orí. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ náà mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi."

Ó yíjú padà sí ẹ̀rọ rẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú, mo tilẹ̀ ń retí rẹ̀. Bàbá àgbà ń yí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, wọn ò kà á, wọ́n kàn ń yí i.

"Èmi ò mọ̀," ni wọ́n wí. "Ẹni tí kò mọ̀ ló ń ṣe irú àdúrà yẹn. Ẹni tó mọ̀, ńṣe ló yẹ kó sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀rù bà mí, bàbá."

"Ẹ̀rù ta ni?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ẹ̀rù wọn bà mí, àwọn àjèjì tí wọ́n ra nǹkan mímu tútù fún mi, kí wọ́n má baà rò pé mi ò fẹ́ràn ọmọ wọn? Lórí ìyẹn, mo gba ọdún kan lọ́wọ́ ọmọ náà. Wọ́n ní kí n máa lọ, kí Ọlọ́run sìn mí délé. Èmi nìkan ni mo rìn dé títì.

Ó tó oṣù márùn-ún kí n tó tún rí i. Mo ń bọ̀ láti Mápó, mo ń wá ọkọ̀ ní Bẹẹrẹ, nígbà tí mo rí i tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń bá àwọn ọmọ fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà. Ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ jáde fún un wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá kí n sá. Òun ló wá bá mi, ó kúnlẹ̀ kí mi ní ẹ̀bá títì níbẹ̀, láàárín èrò.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ṣé àlàáfíà ni?"

Mo ní àlàáfíà ni. Mo bi í léèrè àwọn ará ilé, ó ní wọ́n wà. Ojú mi ò kúrò lára ìwé náà. Ọjọ́ kan ò tíì lọ láàárín oṣù márùn-ún yẹn tí mi ò ro ohun tó yẹ kó kọ síbẹ̀. Mo ti kọ orúkọ ẹ̀kọ́ mẹ́fà sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè, ìwé náà sì wà nínú báàgì mi lọ́jọ́ náà, torí mi ò mọ ìgbà tí mo máa pàdé rẹ̀.

"Ṣé o ti yan ẹ̀kọ́ tó o fẹ́ kọ́?" mo bi í.

"Mo ti yàn án, mà."

Mo dúró kó sọ fún mi. Ó ká ìwé náà sí méjì, ó fi sínú báàgì rẹ̀, ó sì tún kí mi dáadáa kó tó lọ. Mi ò lẹ́nu láti bi í pé kí ló yàn.